Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ fún Dókítà Tó Fẹ́ Fi Kọ̀ǹpútà Tú Àṣírí

Dókítà wa, ẹ kú oríire. A gbọ́ pé ọsibítù yín tó wà lẹ́yìn ọjà Ládìpọ̀ ti fẹ́ kúrò lórí fáìlì, ẹ fẹ́ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Nọ́ọ̀sì ò ní í máa sín nínú eruku yàrá káàdì mọ́, ẹ ò sì ní í máa sọ fún aláìsàn pé kó lọ sanwó káàdì tuntun nítorí pé èyí tó ní tẹ́lẹ̀ ti sọnù. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa ba ohun tó dára jẹ́, ó yẹ kó bà á jẹ́ débi tó dé, ìdí nìyí tá a fi kọ ìwé yìí sí yín.

Ẹ̀rọ la máa kọ́kọ́ rà. Ẹ lọ mú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó pọ̀ jù lọ́jà tó sì dínwó jù, ẹ má bi ẹnikẹ́ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tó bá bàjẹ́, ẹ tà á bó ṣe wà fún ọmọ tó ń ti ọmọlanke kiri ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, tòun ti èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gbogbo aboyún Pápá Àjàò nínú ikùn rẹ̀. Àwọn tó ń ta páàtì níwájú ọsibítù yín lè fẹ́ gbà yín nímọ̀ràn. Wọ́n á ní brain box tí wọ́n tú lára mọ́tò kan ṣì máa ń rántí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó ti wá, pé bí wọn ò bá pe ẹni tó máa tún un ṣètò, mọ́tò tí wọ́n gbé e sí ò ní í sítáàtì. Ẹ má dá wọn lóhùn. Oníṣòwò ni wọ́n, ẹ̀yin ti ka ìwé.

Páásíwọ́ọ̀dù ló kàn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kí gbogbo ọsibítù máa lò: ẹ̀yin, nọ́ọ̀sì, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ní lábù, títí dórí bàbá ọlọ́dẹ. 1234 dára púpọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bàa gbàgbé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè kọ̀ǹpútà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ yín kan bá ṣí fáìlì ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti wò ó bóyá oyún ló ṣẹ́, ẹ̀rọ á kàn ní "ọsibítù" ló wò ó. Ta lẹ fẹ́ mú?

Bí ẹ bá rò pé à ń ṣàwàdà, ẹ wo orílẹ̀-èdè Finland. Ilé ìtọ́jú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Vastaamo, níbi tí àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ ti máa ń lọ sọ ohun tí wọn ò lè sọ fún ìyàwó tàbí ọkọ. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ààbò ẹ̀rọ náà sì mẹ́hẹ. Ní 2020, ẹni tó jí i kó ò dúró ti ilé ìtọ́jú náà nìkan, ó ń kọ̀wé sí àwọn aláìsàn fúnra wọn pé kí wọ́n tètè sanwó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé á ka ohun tí wọ́n sọ. Nǹkan bí 33,000 èèyàn ni ọ̀rọ̀ kàn. Vastaamo ò sí mọ́ lónìí.

Ẹ̀dà ńkọ́? Ẹ má ṣe ẹ̀dà ohunkóhun, ẹ má sì gba àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ bá fi ránṣẹ́. Ó ń jẹ dátà. Ní oṣù karùn-ún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ WannaCry kọ lu àwọn ọsibítù ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 19,000 àdéhùn ọjọ́ tí àwọn aláìsàn ti gbà ni wọ́n fagi lé. Oṣù kẹta ọdún yẹn ni Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde.

Àmọ́ ẹ̀rọ nìkan ò lè tú àṣírí tán, ẹnu gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́. Ẹ yí ojú kọ̀ǹpútà sí bẹ́ǹṣì tí àwọn aláìsàn jókòó sí, kí nọ́ọ̀sì sì máa ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè ketekete. "Ìyá Ìbejì! Èsì yín ti jáde o! Ṣé ẹ ń lo oògùn kòkòrò yẹn déédéé?" Bí Ìyá Ìbejì bá dorí kodò, kó tún un pè, bóyá wọn ò gbọ́ ni. Ọkùnrin tó wá tọ́jú ìka tí jáàkì tẹ̀, tó jókòó tì wọ́n, òun gbọ́. Kó tó di ọ̀sán, ìlà àwọn tó ń ta dígí mọ́tò á ti gbọ́. Tó bá fi máa di alẹ́, ọkọ wọn á ti gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́. Lóṣù tó ń bọ̀, Ìyá Ìbejì ò ní í wá gba oògùn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé "kò yọjú". Kò sí àyè tí wọ́n ti ń kọ ìdí.

(Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bébà tàn yín jẹ pé òun ló sàn. Ẹ̀pà tí wọ́n fi ìwé ọsibítù dì, a ti jẹ ẹ́ rí.)

Ti orúkọ rọrùn. Ẹ má fún aláìsàn ní nọ́ńbà, ẹ kàn tẹ "Ṣakírù, Mọ́ṣínì". Ṣakírù tí penicillin lè pa àti Ṣakírù tí kò lè pa á máa jọ lo fáìlì kan. Bó bá sì rẹ̀ yín, ẹ da ohun tí ẹ kọ lánàá kọ fún ẹni tòní, ì báà jẹ́ pé aboyún lẹ kọ ọ́ fún pé próstéètì rẹ̀ dára.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ tó wọ ṣúùtì á wá bá yín, wọ́n á láwọn fẹ́ ra àkọsílẹ̀ yín fi kọ́ AI. Ẹ má bi aláìsàn kankan. Ẹ yọ orúkọ wọn, ó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe yọ orúkọ ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Latanya Sweeney tó fi 20 dọ́là ra ìwé orúkọ olùdìbò, tó fi ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà àdúgbò àti pé ọkùnrin ni ẹni náà wé e, tó sì fa fáìlì William Weld yọ, gómìnà wọn nígbà náà. Tiyín ò tiẹ̀ ní í ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. "Obìnrin, ọmọ ọdún 41, ó ń ta dígí mọ́tò ní Ládìpọ̀, ó bí ìbejì." Ta ni kò mọ̀ wọ́n?

Àwọn aláròyé lè fa Òfin Ìlera ti 2014 yọ sí yín. Abala 26 ní àṣírí ni gbogbo ohun tó bá kan aláìsàn, títí kan pé ó tiẹ̀ sùn sọ́dọ̀ yín. Àfi bó bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, tàbí tí òfin tàbí kóòtù bá ní kí ẹ sọ, tàbí tí dídákẹ́ bá máa kó ará ìlú sí ewu ńlá. Ọmọdé, òbí ló máa fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá sì fi àkọsílẹ̀ ṣeré, abala 29 ní kó lọ ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí kó san ₦250,000, tàbí kó ṣe méjèèjì. Owó yẹn ò lè ra ẹ́ńjìnnì Camry tòkunbọ̀ nínú ọjà tó wà níwájú yín, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni kí ẹ má rò.

Òfin ààbò dátà ti 2023 ló le díẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun ẹlẹgẹ́, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó ₦10,000,000 tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó ń wọlé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù, fún àwọn tí òfin náà kà sí pàtàkì. Bí àṣírí tó lè pa èèyàn lára bá jò, ó ní kí ẹ fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72. Ẹ fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá ẹni tó yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Bí wọ́n bá wá dé, ẹ sọ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nínú ọsibítù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa ni, ojú wa ò tíì là sí i. Àdúrà wa ni pé kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má mọ̀ pé láti 1989 ni àwọn ọ̀mọ̀wé Ilé-Ifẹ̀ ti bá àwọn ará Yunifásítì Kuopio ṣiṣẹ́ pọ̀, ará Finland kan náà yẹn, tí wọ́n fi gbé MINPHIS kalẹ̀ fún àkọsílẹ̀ aláìsàn ní ọsibítù ńlá Ifẹ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ Ifẹ̀, ẹ ní NEPA ló mú iná lọ.