Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Aláfojúdi

Ọmọ iléèwé tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Àgọ́ Aláyé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, yóò gbọ́ pé ‘cheek’ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí ilà gbọọrọ àwọn ọmọ Ekìmọ̀gún, ìyẹn àwọn ará ìlú Oǹdó, máa ń jókòó sí láyé ọjọ́un. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún sọ fún un pé ‘cheek’ kan náà yìí ni àfojúdi, ẹnu yóò yà á, nítorí ojú ni ọmọ Yorùbá fi ń di àgbà. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé, àbí? Síbẹ̀, ọmọ tó fojú di àgbà ní Ọ̀rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ìgbájú rẹ̀ ń bà lé, ojú tó dá ọ̀ràn á sì máa wòran. Lórí ẹjọ́ yìí nìkan ṣoṣo, òyìnbó ni mo dá láre.