Ẹ̀gbọ́n, Kí Ni Búùtù Yín Fi Ṣẹ̀ Yín?

Ẹ̀gbọ́n mi bíríkìlà,

Òkun o! Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìnáwó búùtù. Ìkíni tó kẹ́yìn yẹn ló gbé mi dé. Àwọn tó ń ta òkìríkà lọ́jà Kàbà ti mọ̀ yín débi pé bí wọ́n bá rí yín lókèèrè, wọ́n á ti máa nu eruku orí nọ́mbà 44 sílẹ̀ dè yín. Bí mo bá sọ̀rọ̀ yìí nílé, ẹ ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ yín ní bàtà wíwọ̀. Mo wá kọ ọ́ síta kí aráyé bá wa dá sí i.

Gbogbo ìgbà tí búùtù bá ti ya, iṣẹ́ lẹ máa ń dá lẹ́bi. “Símẹ́ǹtì ni, àbúrò.” Ẹni tó bá gbọ́ yín á rò pé orí yín ni wọ́n gbé ilé iṣẹ́ Obajana lé, èyí tó tóbi jù nínú ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì Áfíríkà. N ò ní parọ́, símẹ́ǹtì jẹ̀bi díẹ̀. Ẹ rántí bí ìyá wa àgbà ṣe ń se omi eérú pọ̀ mọ́ àdí títí á fi di ọṣẹ dúdú. Ohun tí omi símẹ́ǹtì ń ṣe fún ọ̀rá inú awọ nìyẹn: ó ń sọ ọ́ di ọṣẹ, omi á sì fọ̀ ọ́ lọ. Awọ tí ò lọ́ràá mọ́ á gan, á sì sán. Omi yìí kan náà ló ń jó yín láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí ẹ ń pè é ní èkúrú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ń fọ ṣọ́bìrì yín kí ẹ tó kúrò níbi iṣẹ́. N kò rí ọjọ́ tí ẹ jẹ́ kí símẹ́ǹtì sùn lára rẹ̀. Kí ló dé tí omi yẹn kì í dé ẹsẹ̀ yín? Nígbà tí símẹ́ǹtì ṣì tutù, búrọ́ọ̀ṣì àti aṣọ tó rin gbindin ti tó. Bó bá ti gbẹ, ẹ da fínígà díẹ̀ sínú omi púpọ̀, ẹ fi nu awọ náà, kí ẹ tún fi omi lásán nù ún. Ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i o, èèrà ilé yín ti pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ibẹ̀: ilé ni búùtù yín ti ń kú, kì í ṣe ibi iṣẹ́. Òjò á pa á, ẹ ó gbé e há sókè ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran ìgbẹ́. Ìyàwó wa ní díẹ̀ ló kù kí òun gé e sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ooru iná ń sún awọ kì, ó sì ń tú gúlúù àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ yọ ìtẹ́sẹ̀ inú rẹ̀, ẹ ki ìwé ìròyìn àtijọ́ sí i, ẹ pààrọ̀ ìwé náà bó bá ti tutù, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn ò sí. Ó lè gbà tó ọjọ́ kan tàbí méjì. Bó bá ti gbẹ ni òrí kàn, pàápàá nínú ọyẹ́ Kàbà yìí: ẹ fi pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi aṣọ nu èyí tó bá ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá rí ìda oyin, ẹ yọ́ díẹ̀ mọ́ ọn, òjò ò ní tètè wọlé. Epo pupa tí ẹ fi kùn ún lẹ́ẹ̀kan, eku ló jàǹfààní rẹ̀.

Nípa títẹ gìgísẹ̀ búùtù mọ́lẹ̀ bíi sílípáàsì, n kò ní sọ nǹkan kan. Okùn wà níwájú rẹ̀, wọ́n ń tú u.

Èyí tó dùn mí jù ni tuntun tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ láti Àbújá, tó wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ní ẹ ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ búùtù òde òní, polyurethane ni wọ́n fi ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì ń jẹ ẹ́ láti inú wá. Ẹ wọ̀ ọ́ o, ẹ ò wọ̀ ọ́ o, lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó lè rún wómúwómú lẹ́sẹ̀ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e jáde. Bí ẹ bá tún ń ra òmíràn, ẹ wá èyí tí wọ́n rán àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yí ká, irú rírán Goodyear tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti wà láti àwọn ọdún 1870. (Goodyear yìí kì í ṣe bàbá onírọ́bà tí wọ́n forúkọ rẹ̀ pe táyà o, ọmọ rẹ̀ ni.) Ṣúmékà lè tú irú bẹ́ẹ̀, kó rán òmíràn sí i. Ẹ kàn máa pè é nígbà tí òwú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já, kì í ṣe nígbà tí ọmọ ìka yín bá ti ń yọjú kí i.

Bí tuntun bá wà nílẹ̀, ẹ máa fi ọjọ́ kan wọ ọ̀kan, kí òógùn inú èkejì lè gbẹ. Ẹ gbé e jáde kí oṣù yìí tó tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nọ́mbà 44 lèmi náà ń wọ̀, ìyàwó wa sì ti fi ibi tí páálí wà hàn mí.

Èmi ni,
Àbúrò yín tí ẹ ò kọ́ ní bíríkìlà