Ọ̀gákọ̀ Inú Pálọ̀

Ìwó kò lókun, kò lọ́sà. Odò Ọbà tí a ní, kì í ṣe ti ọkọ̀ onígbòkun. Síbẹ̀, bí iná bá lọ lálẹ́, pálọ̀ mi a di ọkọ̀ lójú agbami, èmi a sì di ọ̀gákọ̀: bátìrì ńlá méjì, ínfátà kan, ṣájà kan.

Rewáyà tó wá so wọ́n fẹ́ ti bátìrì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ní, “Ọ̀gá, bátìrì olómi a máa tú gáàsì haidirójìn sílẹ̀ bó bá ń gba iná. Ṣé orí bọ́ǹbù ni kí n máa sùn ni?”

Ó ní, “Alájì, ẹ ṣáà gbàdúrà.”

Mo gbàdúrà, mo sì gbé bátìrì síbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Fíùsì ńkọ́? Ó ní kò pọn dandan. Mo ní kó fi í sára wáyà pọ́sítíìfù, nítòsí bátìrì gan-an. Wáyà tó bá gbiná kì í dúró de panápaná.

Bó ṣe ń lọ, ó ní ẹnu mi ti pọ̀ jù, bíi ti odídẹrẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ìlú odídẹrẹ́ kúkú ni Ìwó. Ẹyẹ tó bá dákẹ́ nígbà tí wáyà ń rùn, ẹran sísun ló fẹ́ dà.