Wolé-wolé Di Wòwé-wòwé

Ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà tí wolé-wolé ṣì ń wọ agboolé mọ bí àyà àwọn ìyá ilé ṣe máa ń já tí wọ́n bá gburòó rẹ̀ lókèèrè. Aṣọ kákí ló ń wọ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Ó lè má kí baálé ilé dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní ṣàì kí àmù. Yóò ṣí ìdérí, yóò tẹrí ba, yóò máa wò ó bóyá tanwíjí ń ta nínú omi. Bó bá kúrò níbẹ̀, ó di ẹ̀yìnkùlé. Láti ẹ̀yìnkùlé, ó di ilé ìdáná. Láti ilé ìdáná, ó di ṣáláńgá. Tanwíjí ìkòkò kan tó láti gbé bàbá arúgbó dé kóòtù. Àwọn èèyàn kórìíra rẹ̀, wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀, àwọn ọmọdé ń sá fún un. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè purọ́ mọ́ ọn pé kò wo ilé. Orúkọ tí Yorùbá sọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ náà ni: wo ilé, wo ilé. Ẹ̀ẹ̀mejì la pè é kó má baà gbàgbé.

Àrólé rẹ̀ ti wà nílùú báyìí, iná ni wọ́n sì ní kó máa ṣọ́. Kò sí ìlú kékeré tó ní káńsù, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún àti ilé epo méjì tí ẹ kò ní bá a níbẹ̀. Ẹ ó fi jákẹ́ẹ̀tì tó ń tàn yanran dá a mọ̀, àti fáìlì tó há sí abíyá, àti òǹtẹ̀ tó fi ọ̀rá wé bí ẹni wé ẹ̀kọ. Oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta ni ìgbà ìkórè rẹ̀, nítorí ìgbà náà ni ìwé àṣẹ ọdún tó kọjá kú, tó yẹ kí tuntun jẹ. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ kì í dúró de ìwé àṣẹ. Láti oṣù Kejìlá ló ti ń gbẹ pákó àti páálí ọjà sílẹ̀. Ọ̀gá wa kì í jẹ́ gaungaun bíi bàbá tó jogún. Ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni, ó mọ orúkọ ọmọ gbogbo ọlọ́jà, wọn kì í sì í ṣe ìkómọ láìpè é. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ kọ wá lóminú nìyẹn, nítorí ẹni tó bá ń wo ẹ̀yìn ilé ẹni lóòótọ́ kì í gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó lẹ́nu iṣẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan, ó ní, “Ẹ kú ọjà, ìyá. Ìwé tọdún yìí ńkọ́?” Ìyá ní, “Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá wa,” ó sì nawọ́ sí ara ògiri, níbi tí ìwé náà wà nínú férémù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ìjọ. Ọ̀gá ka déètì, ó ka nọ́ńbà, ó wo òǹtẹ̀ bóyá tòun ni. Ó pé. Lókè orí rẹ̀, wáyà tín-ín-rín kan ń gbé fíríìjì, fáànù àti áyọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù jọ ń gbé yàrá kan bíi tọkọtaya. Ìgànná aṣọ ti dí ọ̀nà ẹ̀yìn, àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ibẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ baálé tó lọ sí oko. Agolo pupa panápaná wà lórí ìṣó. Aago kékeré kan wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan sì wà nínú aago náà: bí abẹ́rẹ́ bá dúró síbi àwọ̀ ewé, agbára wà nínú agolo, bó bá ṣubú sí apá pupa, agolo yẹn kò sàn ju agolo mílíìkì tí wọ́n ti mu tán lọ. Abẹ́rẹ́ tibí ti sùn sí apá pupa, eruku ti bo gíláàsì rẹ̀. Bí a ṣe ń wo fọ́tò òkú àgbà ni ọ̀gá ṣe wo agolo náà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, láìretí pé yóò dáhùn. Ó lu òǹtẹ̀, ó gba mínírà, ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Wolé-wolé ti di wòwé-wòwé.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìmẹ́lẹ́. Àdéhùn ni, a sì jọ tọwọ́ bọ̀ ọ́ ni. Òfin kò wọ́n wa rárá. Ọdún 1901 ni ẹgbẹ́ panápaná bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọlọ́pàá ní Èkó; òfin panápaná ìjọba àpapọ̀ jáde lọ́dún 1963; ìlànà ààbò iná fún gbogbo orílẹ̀-èdè jáde lọ́dún 2013. Láàárín ìwé àti ìwé, iná ń ṣe tirẹ̀ lọ. Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, àjà 26 tí wọ́n parí lọ́dún 1965, jóná lọ́dún 1985, ó sì di ọdún 1992 kí wọ́n tó tún un ṣe tán. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, iná mú ọjà Balógun l'Ékòó. Oṣù méjì gééré sí i, lọ́jọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2020, ọjà Akẹ̀sán tó wà lójú ààfin ní Ọ̀yọ́ jó. Àwọn iná yìí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, a kò sì lè di gbogbo wọn ru òṣìṣẹ́ káńsù kan. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú wọn ni pé nígbà tí iná bá ti gun òrùlé, ọkọ̀ panápaná tó ń wá ọ̀nà gba àárín àtẹ kọjá ti pẹ́ jù. Ohun tó ń gba ọjà là ni ohun tí ẹnìkan ti wò ṣáájú: bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó, ibi tí omi wà, ilẹ̀kùn tó ṣeé ṣí, ibi tí epo ń sùn. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí tí òǹtẹ̀ lè lù.

Ẹnìkan yóò ní ohun tí Ọlọ́run bá kọ ni yóò ṣẹlẹ̀. Àwọn baba wa náà gbà pé iná ń tọ̀run wá. Láyé àtijọ́, bí àrá bá sán pa ilé, àwọn oníṣàngó á dé, wọ́n á kó ẹrù, wọ́n á sì bu ètùtù lé onílé lórí, ẹni tí ilé ẹ̀ jó tún ń sanwó. Ẹ̀rù ńlá ni, ṣùgbọ́n ó létò: àrá a kọ́kọ́ sán ná. Wòwé-wòwé wa ti tún ètò yẹn ṣe, ó ń gba ètùtù sílẹ̀ kí iná tó dé. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ẹni tó san ètùtù a máa sùn dáadáa. Ìyá aláṣọ gbà pé owó tóun san ti bá òun bẹ iná, ìyẹn ni kò fi rántí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìwé náà kò kàn jẹ́ asán, ó tún ń múni gbàgbé. Bí kò bá sí ìwé rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rù ba ìyá tó láti gbé kẹ́ẹ̀gì kúrò lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀.

Àwọn tó mọ inú káńsù yóò ní kí n rọra, pé owó oṣù ọ̀gá kéré, pé kò ní ọkọ̀, pé ọ̀pọ̀ ìgbà lówó náà kì í tètè dé. Òótọ́ ni, ó sì dunni. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn agolo kò gba mọ́tò kí a tó wò ó. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá ni láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí àwíjàre yẹn ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni òkè, lọ́dọ̀ ẹni tó rán an níṣẹ́. Bí ọ̀gá bá padà sí ọ́fíìsì nírọ̀lẹ́, iye owó tó pa wọlé ni wọ́n ń bi í. Wọn kì í bi í pé ilẹ̀kùn mélòó ló ṣí, kẹ́ẹ̀gì mélòó ló lé jáde. Bí iná bá jóni tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń fi owó díwọ̀n rẹ̀, owó ni yóò wá. Ilé ń jó, káńsù ń lé eku.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn ọlọ́jà gan-an ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, èmi náà kò sì ní dá wọn láre. Ẹ bi wọ́n wò, wọ́n á ní wòwé-wòwé sàn ju ẹni tí yóò ní kí wọ́n kó ẹrù kúrò lójú ọ̀nà lọ. Ó ń bẹ nínú wọn tó máa ń yá agolo aládùúgbò kọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí agolo kan ṣoṣo lè gba òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ àgádágodo nìkan ni mo bá wọn kẹ́dùn sí, nítorí olè òru kì í ṣe ìtàn lásán. Ṣùgbọ́n ìdábùú irin tí a ń fà láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́ ń dá olè dúró, kò sì ní há onílé mọ́ inú èéfín. Aṣàyẹ̀wò tó mọṣẹ́ ló yẹ kó sọ èyí fún wọn. Ní ti pé wọn kò fẹ́ kí ẹnì kankan wo ilé wọn, àwọn alámù àtijọ́ náà kò fẹ́. Bí a bá dúró de ìgbà tí onílé yóò fi tayọ̀tayọ̀ ṣí ìdérí, ẹ̀fọn ì bá ti jẹ wá tán.

Èyí tó gbọ́n jù nínú àwíjàre ni tàwọn tó ní iná kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ ló ni panápaná. Wọn kò purọ́. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kò sì dárúkọ panápaná níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dárúkọ ọjà, ó dárúkọ ibùdókọ̀, ó ní àwọn ni yóò máa bójú tó ṣọ́ọ̀bù, ìsọ̀ àti ilé oúnjẹ. Ẹni tó ni ọjà ló ni ọ̀nà inú ọjà. Bí káńsù bá lè ka àtẹ kọ̀ọ̀kan láti gba owó rẹ̀, ojú tó fi ka àtẹ yẹn náà tó láti rí i pé àtẹ ti dí ojú ọ̀nà.

Nítorí náà, àtúnṣe rẹ̀ kò ní kí a kọ òfin tuntun. Kí ẹni tó ń gbowó yàtọ̀ sí ẹni tó ń wò. Kí ẹni tó ń wò máa wá ní ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́, nígbà tí ọjà bá ń tú, tí a ń ti ilẹ̀kùn, nítorí ìgbà yẹn ni ọjà máa ń jẹ́wọ́ ara rẹ̀. Dípò òǹtẹ̀, kó kọ ohun tó rí sórí pátákó níta ṣọ́ọ̀bù: ibi tí abẹ́rẹ́ agolo wà, ibi tí kẹ́ẹ̀gì wà, bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Aládùúgbò tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín òun àti epo yẹn yóò kà á, yóò sì bá ìyá sọ̀rọ̀ lọ́nà tí kóòtù kò lè gbà bá a sọ ọ́. Ní ti àwa oníṣọ́ọ̀bù, nígbà tí ọ̀gá bá tún dé, ẹ má sáré nawọ́ sí férémù. Ẹ kí i, ẹ fún un lómi, kẹ́ ẹ sì ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjá sẹ́yìn ná.” Bó bá wo aago ọwọ́ rẹ̀, tó ní òun ṣì ní ibi púpọ̀ láti dé, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá gbé fáìlì kalẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fi àtàǹpàkò nu eruku kúrò lójú aago agolo, ẹ má bínú sí ohunkóhun tó bá sọ. Wolé-wolé ti padà dé.