Lẹ́tà sí Àjàní, Ẹni tó Dà Ìrẹsì Jàpáànì Sínú Asẹ́

Àjàní, ọmọ ìyá mi,

Mo kí ọ. Mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Màlúù alẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo kí òun náà, nítorí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ohun tí o ṣe.

Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, torí gbangba ni ìwọ náà ti fọ́nnu. Ìwọ lo gbé fọ́tò abọ́ náà sórí WhatsApp ẹbí, tí o ní kò sí ilé oúnjẹ kan ní gbogbo Yokohama tó lè se sítéèkì orí ìrẹsì bíi tìrẹ. Àwọn àǹtí wa ní Ìbàdàn pàtẹ́wọ́. Wọn ò tọ́ ọ wò. Èmi tí mo wọ bàálù wá kí ọ ni mo jẹ ẹ́, èmi ló sì yẹ kí n jẹ́rìí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ọ́. O tètè gbé ẹran kúrò nínú fíríìjì kó má baà tutù wọ páànù, o fi ìwé ìnuwọ́ nu omi ara rẹ̀ gbẹ, o wá fi iyọ̀ pa á lára. O jẹ́ kí páànù gbóná dáadáa. Ìṣẹ́jú méjì fún ẹ̀gbẹ́ kan, méjì fún èkejì. Mo rí ojú rẹ bí aago ṣe ń lọ! Nílé tí wọ́n ti tọ́ èmi àti ìwọ, ẹran tí kò bá tíì lo wákàtí kan lórí iná, ààyè ló ṣì wà. Síbẹ̀ o dijú, o sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n. Ìwọ ọkùnrin! Àbùkù méjì péré ni mo rí. O kò jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí o tó ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ni omi ẹran bá gba gbogbo pákó. O sì gé e tẹ̀ lé iṣan rẹ̀ dípò kí o dábùú iṣan náà, ìdí nìyẹn tí ọmọ rẹ kékeré fi ń jẹ ẹyọ kan ṣoṣo láti ìgbà tí a jókòó títí tí wọ́n fi palẹ̀ mọ́. Mo dárí ìyẹn jì ọ́.

Ìrẹsì ni n kò lè dárí ẹ̀ jì.

Ta ló ní kí o bọ ìrẹsì, Àjàní? Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo wà nígbà tí o dà á sínú omi tó ń hó. Mo ní bóyá o fẹ́ se tàwọn ọmọ lọ́tọ̀ ni. Nígbà tó di pé o dà á sínú asẹ́, tí o ṣí omi ẹ̀rọ lé e lórí, tí o ń fọwọ́ ra á bí ẹni ń fọ aṣọ ilé ìwé, mo mọ̀ pé ìyá wa ló ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí màmá ṣe ń ṣe ìrẹsì alápò nìyẹn, ìrẹsì gígùn tí wọ́n ti bọ̀ tèèpo-tèèpo kó tó dé ọjà. Wọn kì í fẹ́ kó lẹ̀. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ti Jàpáànì kúkúrú, ó sanra, kó lẹ̀ mọ́ra ni wọ́n ṣe ń gbìn ín. O fi owó gọbọi ra ohun tó ń lẹ̀, o wá ṣan lílẹ̀ náà dànù.

Ìyá àgbà ilé kejì tó wá dá àwo padà rí asẹ́ náà. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn tẹrí ba. Ìtẹríba oríṣiríṣi ló wà ní Jàpáànì, èyí jọ ti ẹni tó wá bá ni kẹ́dùn. O wá tún fi igi ìjẹun méjèèjì gún àárín ìrẹsì lóòró, o lọ gbé omi! Iwájú òkú ni wọ́n ti ń gbé irú abọ́ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, Àjàní. Èmi ni mo yọ igi náà kí màmá yẹn tó sunkún.

Lọ́jọ́ kejì ó pè mí sílé rẹ̀ láti fi bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì wọn hàn mí. Ife ìwọnrẹsì wọn, tí wọ́n ń pè ní gō, 180 mílílítà ni, kì í ṣe kọ́ọ̀bù tíì rẹ. Ó da omi tútù sí i, ó fọwọ́ yí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó da omi funfun rẹ̀ nù, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ó rẹ ẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi tó fi sè é kò ju nǹkan bí 200 mílílítà fún gō kan. Kò sí ìyókù tí wọ́n ń sẹ́. Ó dé e, ó jẹ́ kó hó, ó rẹ iná sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjìlá, ó pa á. Mo fẹ́ ṣí i wò, ó gbá mi lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Nígbà tó fi ṣíbí onígi yí i láti ìsàlẹ̀, ó ń dán.

O lè ní ṣebí torí ẹran la ṣe ń jẹ ẹ́. Irọ́ ni. Àlejò ni màlúù nínú abọ́ yẹn. Ní ọdún 675, Ọba Tenmu fòfin de jíjẹ ẹran màlúù fún apá kan nínú ọdún, òfin mìíràn sì ń tẹ̀ lé e. Ọdún 1872 ni ìròyìn jáde pé Ọba Meiji jẹ ẹ́. Gbogbo ìgbà yẹn, ìrẹsì wà nílé. Nígbà tí ilé oúnjẹ Yoshinoya bẹ̀rẹ̀ sí í ta gyudon ní 1899, ẹran wẹ́wẹ́ àti àlùbọ́sà lórí ìrẹsì, ní ọjà ẹja Nihonbashi ní Tokyo, àwọn oníṣẹ́ ọjà tí kò ráyè jókòó ni oníbàárà wọn. Donburi gan-an, tí “don” inú gyudon ti wá, orúkọ abọ́ ni. Nígbà tí àrùn wèrè màlúù sì jẹ́ kí Jàpáànì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹran Amẹ́ríkà, tí Yoshinoya dá gyudon dúró ní oṣù Kejì ọdún 2004, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n gbé lé ìrẹsì. Ẹran pààrọ̀. Ìrẹsì kò kúrò.

Ọbẹ̀ rẹ kò burú: shoyu (omi sóyà wọn) ṣíbí méjì, mirin (ọtí ìrẹsì adùn tí wọ́n fi ń se oúnjẹ) ṣíbí méjì, ṣúgà díẹ̀, atalẹ̀, bọ́tà bíńtín nínú páànù ẹran kan náà. Ìrẹsì tó lẹ̀ á mu ún, igi á sì ṣì gbé e. Tìrẹ ń lúwẹ̀ẹ́ ni. Ata gígún tí o bù lé e, mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn. Àwọn náà ní shichimi, àpòpọ̀ èròjà méje tí ata wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin àǹtí Ìbàdàn, ẹ gba àtẹ́wọ́ yín padà ná. Ìwọ Àjàní, gbé asẹ́ fún ìyàwó rẹ kó máa fi yọ dòdò. Se òmíràn ní Sátidé tó ń bọ̀, kí o sì fi fọ́tò ránṣẹ́ kí o tó gbé ẹran lé e. Ìrẹsì nìkan ni mo fẹ́ rí.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tó jẹ ẹ́ tán láìṣẹ́kù.