Ẹranko Tó Ń Fẹ́ Òtútù ní Ṣómólú

Ẹ bá mi dá sí i o. Káyọ̀dé, ọmọ mi, rí ẹranko kan nínú géèmù Minecraft, ó ní dandan ni kí òun sìn ín. Axolotl ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún 2021 tí wọ́n ti fi í sínú géèmù náà ni kò ti sí ìsinmi fún bàbá ọlọ́mọ. Adágún Xochimilco ní Mẹ́síkò ni ilé rẹ̀. Ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ ni, ṣùgbọ́n inú omi ló ń gbé títí ayé. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìrù, ohun tó fi ń mí sì yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn bí ìyẹ́ adìẹ tí òjò pa.

Mo wá ka bí wọ́n ṣe ń múra dè é. Omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n 16 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tọ̀sán-tòru. Bó bá fi lè kọjá 24, àìsàn dé. Ní Ṣómólú! Níbi tí èmi alára ti ń sùn sórí sìmẹ́ǹtì lóṣù kẹta! Wọ́n ní ẹ̀rọ wà tó ń mú omi tutù. Iná dà? Ní April 2024 tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti 68 náírà sí 225, wákàtí 20 lóòjọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún wọn. Àdúgbò tiwa ò sí níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí mo ní, ẹ̀rọ ìgéwèé ló wà fún, nítorí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, bí ọ̀pọ̀ ará Ṣómólú. Ṣé kí n pa káàdì ìgbéyàwó oníbàárà tì, kí n máa fi pẹtiróòlù tu ẹranko lára?

Táǹkì gíláàsì rẹ̀ gan-an, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ló gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ lófìfo, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ májèlé inú ìgbẹ́ rẹ̀ lè gbilẹ̀ kó tó wọlé. Èmi, ọjọ́ tí mo kó wọlé láńlọ́ọ̀dù mi, ọ̀dà ṣì ń ràn mọ́ mi láṣọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ò gbọdọ̀ sí nílẹ̀ táǹkì, á gbé e mì. Iná ò gbọdọ̀ mọ́lẹ̀ sí i lójú, kò ní ìpéǹpéjú. Ekòló tó ń jẹ nìkan ni kò níṣòro: ó kún ẹ̀yìn balùwẹ̀ wa.

Mo ṣèèṣì sọ fún Ìyá Ṣèyí, tó ń ta pẹpẹsúùpù àrọ̀ lójúlé kejì, pé bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ ẹranko yìí, òmíràn á hù. Ojú obìnrin náà tàn. "Bàbá Káyọ̀dé, ẹ tètè rà á o! Ẹsẹ̀ kan lọ́sẹ̀ kan!"

Káyọ̀dé ní àwa la máa gbà á là, torí ó ti ń run ní Xochimilco. Kò parọ́. Lọ́dún 1998, bí 6,000 ni àwọn onímọ̀ kà nínú kìlómítà kan níbùú lóròó; lọ́dún 2014, ó ku bí 36. Omi ìdọ̀tí wà lára ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tó tún ń jẹ ẹyin rẹ̀? Ẹpìyà! Ẹpìyà ilẹ̀ Áfíríkà, ẹbí èyí tí wọ́n ń dín létí omi Ìlàjẹ ní Bàríga, tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ kí aráàlú lè rí ẹja jẹ. Ẹpìyà dẹ́ṣẹ̀ ní Mẹ́síkò, èmi ni wọ́n wá ń bá ṣẹjọ́ ní Ṣómólú.

N ò rà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe géèmù, mo bẹ̀ yín, nígbà míì, àrọ̀ ni kí ẹ fi síbẹ̀. Àrọ̀ wà ní Bàríga, bí ọmọ bá sì ti sìn ín sú, Ìyá Ṣèyí ò jìnnà.