Ìlànà fún Òmùgọ̀: Bí A Ṣe Ń Ba Eré Alágbára Jẹ́

Òmùgọ̀ ọ̀wọ́n, mo gbọ́ pé o ti ń ṣe eré alágbára fún tẹlifíṣọ̀n. Mo tún gbọ́ pé apá kìn-ín-ní rẹ̀ dùn. Ó mà ṣe o. Eré tó dùn kì í jẹ́ kí ará àdúgbò sùn, owó epo ló sì ń jẹ. Ṣùgbọ́n má mikàn. Ìlànà wà tí wàá tẹ̀ lé tí oníkálukú á fi padà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Okota níbí ni mo ti rí i kọ́. Ọgbà onífúláàtì mẹ́fà kan, lẹ́yìn Ago Palace Way, là ń gbé nígbà tí ọmọkùnrin fúláàtì ìsàlẹ̀ ra àwo Heroes bọ̀ láti Cele. Tim Kring ló dá eré náà sílẹ̀, iléeṣẹ́ NBC ní Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní September 2006. Abala 23 ni apá kìn-ín-ní, èèyàn lásán bíi tiwa ló sì kún inú ẹ̀: Hiro, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Japan, tó lè dá àkókò dúró, Claire, ọmọ iléèwé tí ọgbẹ́ kì í pẹ́ lára ẹ̀, Peter, nọ́ọ̀sì tó ń kó agbára ẹlòmíì mọ́ra, àti Sylar, ẹni tó ń tún aago ṣe, tó ń la orí èèyàn kó lè gba tọwọ́ wọn. Bí NẸ́PÀ bá múná lọ, bàbá onílé wa, ahun paraku, ló máa kọ́kọ́ kiwọ́ bàpò pé ká sáré ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ìyá elépà ẹnu géètì á ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wọlé.

Kò pé ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é rèé.

1. Má jẹ́ kí òkú kú.

Ní apá kejì, wọ́n yìnbọn lu Noah, bàbá tó tọ́ Claire dàgbà, lójú. Ó kú. Ìyá elépà fi ìborùn nujú. Àfi bí wọ́n ṣe fa ẹ̀jẹ̀ Claire sí i lára, tí ọkùnrin náà tún jí. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ṣubú nínú eré náà, ìyá elépà á kàn ní, “Ẹ lọ fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn wá, ẹ yé dà mí láàmú.” Ó ń bó ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Má wo Kunle Afolayan o! Nínú fíìmù Aníkúlápó tó gbé jáde ní 2022, Saro rí agbára tó ń jí òkú, ó wá ń fi yangàn kiri ìlú. Lọ́jọ́ tó yẹ kó jí ọmọ ọba, òkú nà gbalaja, kò mira. Ẹ̀rù bà wá nítorí a mọ̀ láti ilé pé kò sí oògùn tí kò ní èèwọ̀. Irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò yẹ eré tìẹ. Yọ èèwọ̀ kúrò.

2. Pín agbára bí ẹni pín jọ̀lọ́ọ̀fù lóde ìnáwó.

Ando, ọ̀rẹ́ Hiro, la fẹ́ràn jù, torí kò ní nǹkan kan ju ìfẹ́ tó fi ń tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kiri. Ní apá kẹta, abẹ́rẹ́ kan péré, iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́wọ́ ẹ̀. Mohinder onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gún ara tiẹ̀, ló bá ń hu ìpẹ́ bí ẹja. Agbára wá dà bí abẹ́rẹ́ ibà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Ọjà tí gbogbo èèyàn bá ti di ìyálọ́jà, ta ni yóò rajà níbẹ̀?

3. Gba ọ̀nà ẹ̀yìn.

Gbé Hiro lọ sí Japan ti ọdún 1671, kó pẹ́ níbẹ̀. Ti Peter mọ́ inú kọ̀nténà ní Ireland, kó má rántí orúkọ ara ẹ̀ mọ́. Ṣe bíi dánfó tó kó èrò ní Cele pé Òṣòdì lòun ń lọ, tó wá dorí kọ Bàdágìrì. Ní November 2007, Kring fúnra ẹ̀ jẹ́wọ́ fún ìwé ìròyìn Entertainment Weekly pé eré náà falẹ̀ jù, àti pé Hiro pẹ́ jù ní Japan. Ìwọ má jẹ́wọ́ fẹ́nì kankan. Sọ pé àwọn òǹwòran ò mọ̀wé ni.

4. Gbàgbé èèyàn sọ́nà.

Peter mú ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Caitlin, lọ sí ọjọ́ iwájú, níbi tí àjàkálẹ̀ àrùn ti ń pa ayé run. Òun nìkan ló padà dé. Wọn ò lọ mú ọmọbìnrin náà bọ̀, nígbà tó sì yá, wọn ò dárúkọ ẹ̀ mọ́. Ọmọkùnrin tó ra àwo yẹn ṣì ń bi mí dòní, “Ẹ̀gbọ́n, Caitlin ńkọ́?”

5. Má jẹ́ kí ọ̀tá mọ ara ẹ̀.

Sylar pààyàn. Wọ́n ní ọmọ ìdílé Petrelli, ìdílé Peter, ni, ó ronú pìwà dà. Wọ́n tún ní irọ́ ni, ó padà sídìí ìpànìyàn. Lẹ́yìn náà ló pa Nathan, ẹ̀gbọ́n Peter, wọ́n sì fi ọgbọ́n yí i lórí títí tó fi gbà pé òun gan-an ni Nathan. Bí èyí bá le fún ọ, wo The Flash, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014: ọkùnrin tó ń sáré ni akọni, ẹni tó ń sáré náà sì lọ̀tá ní apá kìn-ín-ní, ní apá kejì, àti ní apá kẹta. Apá mẹ́sàn-án ni wọ́n sá kó tó parí ní 2023.

6. Má parí ẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé eré ní Amẹ́ríkà gé apá kejì Heroes kù sí abala 11. Àwáwí tó dáa nìyẹn, tọ́jú ẹ̀ pa mọ́; ṣùgbọ́n Hiro ti há sí Japan kí ìyanṣẹ́lódì tó dé. Apá kẹrin parí ní February 2010, NBC sì gbọwọ́ kúrò nínú ẹ̀ ní May ọdún náà. O rò pé ó tán? Ní 2015, wọ́n tún gbé Heroes Reborn dé, abala 13. Eré tí kì í jẹ́ kí òkú kú, òkú tiẹ̀ náà ò rójú sinmi.

Bí wàá ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ ti yọrí nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní apá kẹta, ìjà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí NẸ́PÀ múná lọ. A jókòó sínú òkùnkùn. Ìyá elépà gbé àpótí rẹ̀. Bàbá onílé yán, ó ní, “Ó dàárọ̀ o.” Ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó borí.

Epo sì wà nínú jẹnẹrétọ̀.